Kíláàsì Orí Fóònù: Ohun Tó Ṣẹlẹ̀ sí Ẹ̀kọ́ Bíbélì Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ní Ìjọ Kan ní Iléṣà

Kí ọdún 2023 tó parí, ẹ̀kọ́ Bíbélì ọjọ́ Ìṣẹ́gun ní ìjọ yìí ti di ti pásítọ̀, ìyàwó pásítọ̀, akọ̀wé ìjọ àti àwọn ìyá àgbà mélòó kan tí ilé wọn wà nítòsí. Àga yòókù ṣófo. Bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ Ìsinmi, èrò kún dé ẹnu ọ̀nà. Kò sí ìjà, kò sí ìyapa, kò sí wòlíì tuntun kan tó kó èrò lọ. Owó ọkọ̀ ló fà á. Láti ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí wọ́n ti kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti lọ, epo tí jálá rẹ̀ kò tó igba náírà tẹ́lẹ̀ ti lé ní ẹgbẹ̀ta kí oṣù keje tó tán. Ẹni tó ń gun ọ̀kadà wá sí ìjọ mọ̀ pé ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ lagbára òun ká, ọjọ́ Ìsinmi ló sì mú. Tí wọ́n bá béèrè ọjọ́ Ìṣẹ́gun lọ́wọ́ rẹ̀, á ní Ọlọ́run ń gbọ́ àdúrà nílé náà.

Mi ò ní dárúkọ ìjọ náà, nítorí àwọn tí ọ̀rọ̀ wọn wà níbí ṣì ń jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn níbẹ̀. Kò jìnnà sí ọjà Atákúnmọ̀sà. Èmi ni mo ń ṣe akọ̀wé ìgbìmọ̀ ẹ̀kọ́, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe mọ ohun tí mo fẹ́ sọ.

Kì í ṣe pé ìjọ kò tíì dé orí fóònù. Gúrúùpù WhatsApp ti wà láti ìgbà kónílé-ó-gbélé kọ̀rónà ní 2020, nígbà tí ilẹ̀kùn ilé ìjọsìn wà ní títì. Gbogbo ọmọ ìjọ tó ní fóònù ńlá ló wà níbẹ̀. Tó o bá ṣí i láàárọ̀, òdòdó ni wàá kọ́kọ́ rí: òdòdó pupa, òdòdó funfun, "Ẹ káàárọ̀, ọjọ́ òní á san wá." Lẹ́yìn òdòdó, àdúrà gígùn kan tí ẹnikẹ́ni ò mọ ẹni tó kọ ọ́, tí wọ́n kọ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ pé kí o fi ránṣẹ́ sí èèyàn méjìlá kí ilẹ̀ tó ṣú. Lẹ́yìn ìyẹn, aṣọ ẹbí ìsìnkú, ẹni tó ń ta ilẹ̀, fídíò wòlíì kan tó ń bá àjẹ́ wọ̀yá ìjà. Láti 2019 ni WhatsApp ti fòfin dè é pé èèyàn kò lè ta àtaré ọ̀rọ̀ kan lọ síbi tó ju márùn-ún lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ní oṣù kẹrin 2020, ó tún dín in kù sí ibì kan ṣoṣo fún ọ̀rọ̀ tó bá ti gba ọwọ́ púpọ̀ kọjá. Kò dí àwọn ará wa lọ́wọ́. Wọ́n á fi ránṣẹ́ síbì kan, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀.

Àárín gbogbo ìyẹn ni pásítọ̀ ń kọ ẹ̀kọ́ àràárọ̀ tirẹ̀ sí. Ẹ̀kọ́ tó dára ni, ó kàn gùn. WhatsApp máa ń fi orúkọ àwọn tó ti ṣí ọ̀rọ̀ han ẹni tó fi í ránṣẹ́, pásítọ̀ a sì máa wo orúkọ wọ̀nyẹn lálaalẹ́, inú rẹ̀ a dùn. Nígbà tí ìgbìmọ̀ ẹ̀kọ́ jókòó ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024, iye orúkọ wọ̀nyẹn ló kọ́kọ́ sọ fún wa. Ìyá kan nínú ìgbìmọ̀ bi í pé: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, nínú gbogbo wọn, ta ló ti sọ ohun tó kà fún yín?" Pásítọ̀ rẹ́rìn-ín músẹ́. Kò sí ẹnì kankan.

Àwọn ọ̀dọ́ ní Zoom ló kù. A gbà wọ́n láyè. Ọ̀fẹ́ Zoom máa ń já lẹ́yìn ogójì ìṣẹ́jú, bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ tiwa orin ìyìn nìkan lè gba ìdajì rẹ̀. Àdúrà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbóná ni gbogbo ojú á wọlé lọ. Ẹni tí wọ́n mú iná lọ ní àdúgbò rẹ̀ kò ní fóònù tó tàn, ẹni tó ní fóònù tó tàn kò ní dátà. Àwọn tó gbádùn rẹ̀ jù ni àwọn ọmọ wa tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù àti Amẹ́ríkà, tó ń fi ọwọ́ júwe sí màmá wọn. Ó dùn mọ́ wa láti rí wọn o, àmọ́ àwọn kọ́ là ń wá. Zoom kú, kò sẹ́ni tó ṣọ̀fọ̀ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tó kàn tó wá gbóná jù ni ti bàbá alàgbà àgbà, tí kò fẹ́ fóònù kankan nínú ọ̀rọ̀ ẹ̀mí. Ó ní: "Ní Òkè-Oòyè níbí lọ́dún 1930, ta ló ní fóònù?" Ẹni tí kì í ṣe ará Iléṣà lè má mọ bí ìbéèrè yẹn ṣe wúwo tó. Oṣù keje ọdún yẹn ni ìsọjí Joseph Ayọ̀ Babalọlá bẹ́ sílẹ̀ ní Òkè-Oòyè, tí èrò ń fi ẹsẹ̀ rìn, tí wọ́n ń gun lọ́rì wá láti ìlú òkèèrè, tí wọ́n ń gbé aláìsàn wá, tí wọ́n ń bu omi lọ. Ilé tí wọn kì í ti í sọ ìtàn rẹ̀ kò pọ̀ láàárín àwọn onígbàgbọ́ ìlú yìí; ìyá ìyá wọn wà níbẹ̀, tàbí wọ́n ní ó wà níbẹ̀. Olórí àwọn ọ̀dọ́ dìde, ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, ó ní: "Bàbá, orí ẹ̀rọ kọ́ ni Ọlọ́run ti pe Babalọlá?" Òótọ́ ni. Ní 1928, ẹ̀rọ tó ń tẹ títì ni Babalọlá ń wà fún iṣẹ́ ìjọba lójú ọ̀nà Iléṣà sí Àkúrẹ́ nígbà tó gbọ́ ìpè. Gbogbo wa wo ojú bàbá. Bàbá ò tiẹ̀ rò ó. Ó ní: "Ó sì sọ̀ kalẹ̀ lórí rẹ̀."

A rẹ́rìn-ín títí, ìpàdé sì parí lọ́jọ́ náà láìsí ìpinnu.

Ẹni tó yanjú ọ̀rọ̀ náà, fóònù onítọ́ọ̀ṣì ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni màmá yìí, inú ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ni wọ́n sì ti tọ́ ọ kí ìgbéyàwó tó gbé e dé ọ̀dọ̀ wa. Mẹ́tọ́díìsì ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní Iléṣà tipẹ́; ọ̀dọ̀ wọn ni Wesley Guild Hospital ti wá. Màmá ní ohun tí kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ wa lójú ni pé à ń wá bí a ṣe máa kó gbogbo ìjọ jọ sójú kan. Ó ní nígbà tí òun wà lọ́mọdé, kíláàsì ni wọ́n fi ń tọ́ èèyàn. Gbogbo ọmọ ìjọ ló ní kíláàsì, kíláàsì ló ní olórí, olórí kíláàsì sì mọ ẹni tó wá àti ẹni tí kò wá. Tó o bá pa kíláàsì jẹ, ó ń bọ̀ nílé yín nìyẹn, á sì bi ọ́ lójú màmá rẹ pé báwo ni ọkàn rẹ ṣe wà.

Mo lọ wo ìdí rẹ̀. Ìlú Bristol ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ti bẹ̀rẹ̀ ní 1742. Gbèsè ilé ìjọsìn ló wà lọ́rùn àwọn ará John Wesley, ẹni tó dá Mẹ́tọ́díìsì sílẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn dá a lábàá pé kí wọ́n pín ìjọ sí èèyàn méjìlá méjìlá, kí ẹnì kan máa lọ sọ́dọ̀ àwọn mọ́kànlá yòókù lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ láti gba pẹ́nì kọ̀ọ̀kan. Ibi tí àwọn agbowó wọ̀nyí ti ń wọ ilé àwọn èèyàn ni wọ́n ti ń rí bí onílé ṣe ń gbé: ẹni tó ń mutí, ẹni tó ń bá ìyàwó rẹ̀ jà. Wesley rí i pé ohun tí òun ti ń wá tipẹ́ nìyẹn. Gbígba owó di bíbéèrè ọkàn. Ìjẹ̀ṣà tó bá gbọ́ èyí kò nílò àlàyé. Òṣómàáló ni: ẹni tó lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ tí kò ní dìde àfi tó o bá san ohun tó o jẹ.

Bí a ṣe ṣe é rèé. A fi gúrúùpù ńlá sílẹ̀ fún ìkéde nìkan. Ètò kan wà nínú WhatsApp láti 2018 tó jẹ́ pé ádímínì nìkan ló lè sọ̀rọ̀ síbẹ̀, a tẹ̀ ẹ́. Òdòdó kú lọ́jọ́ kan náà. Àwọn kan bínú. Lẹ́yìn náà, a ní kí àwọn tó bá fẹ́ kíláàsì fi orúkọ sílẹ̀, kò sí dandan, a sì pín wọn sí agbo tí kò gbọdọ̀ ju èèyàn méjìlá lọ pẹ̀lú olórí wọn. Àdúgbò la fi pín wọn, kì í ṣe ọjọ́ orí, kí olórí lè fi ẹsẹ̀ rìn dé ilé wọn tí fóònù bá kọ̀. Lálẹ́ ọjọ́ Ìsinmi, olórí á fi orí kan nínú Bíbélì ránṣẹ́, ní ohùn, tí ọ̀kan nínú wa fúnra rẹ̀ kà. Kí alẹ́ ọjọ́ Ẹtì tó lọ, oníkálukú á fi ohùn tirẹ̀ dáhùn ìbéèrè méjì: kí lo gbọ́, kí lo fẹ́ ṣe sí i? Ìṣẹ́jú méjì péré. Àtaré ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀. Ẹni tí kò bá dáhùn, olórí á pè é lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Olórí sì gbọdọ̀ dá olúkúlùkù lóhùn ní orúkọ rẹ̀, kò gbọdọ̀ fi àwòrán àtàǹpàkò lé e lọ.

Kókó ibẹ̀ nìyẹn ní tèmi. Ìjọ tó pọ̀ ló ń ná owó sórí fífi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́: kámẹ́rà, ìkànnì YouTube, ẹ̀rọ tó ń gbé ìwàásù sáfẹ́fẹ́. Ìwọ̀nba díẹ̀ ló ń ná nǹkan kan sórí gbígbọ́ ohun tí ọmọ ìjọ fẹ́ sọ padà. Bẹ́ẹ̀ fífi ránṣẹ́ kò wọ́n wa rí. Ní 1859 ni Henry Townsend, òyìnbó míṣọ́nnárì, ti ń tẹ ìwé ìròyìn Yorùbá jáde l'Ábẹ́òkúta. Ní 1884 odindi Bíbélì ti wà ní Yorùbá látọwọ́ Àjàyí Crowther àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́. Ọ̀rọ̀ ti ń dé ọ̀dọ̀ wa tipẹ́.

Ìdí tá a fi yan ohùn dípò kíkà, ìrírí ló kọ́ wa. Bíbélì Yorùbá wà lórí fóònù lọ́fẹ̀ẹ́. Áàpù YouVersion tó jáde ní 2008 ní èyí tí àwọn àgbà mọ̀ lórí, ó sì ní ti Yorùbá òde òní. Ẹni tó bá ti gbà á sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lè máa kà á láìsí dátà. Ó wúlò púpọ̀ fún àwọn ọmọ yunifásítì tó wà láàárín wa. Ṣùgbọ́n lórí àwọn fóònù olówó pọ́ọ́kú kan, ọ̀rọ̀ tó ní àmì lókè àti nísàlẹ̀ máa ń di àpótí kéékèèké, ojú ìyá ẹni ọgọ́ta ọdún kò sì gba lẹ́tà tín-ín-rín. Ti dátà náà tún wà níbẹ̀. Ohùn ìṣẹ́jú kan lórí WhatsApp kò tó ìdá mẹ́ta mẹgabáìtì kan. Fídíò ìṣẹ́jú kan lè jẹ ìlọ́po púpọ̀ rẹ̀. Rúùtù orí kìíní, tí a rọra kà, kò gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́rin márùn-ún lọ. Ẹni tó ra dátà ọgọ́rùn-ún náírà lè gbọ́ ọ, kó sì dáhùn.

A ronú lórí pé ká lo ohùn tí wọ́n ti gbà sílẹ̀ ní sítúdíò. Ó wà, ó sì mọ́ gaara. Màmá tíṣà ló kọ̀. Ó ní kí wọ́n gbọ́ ohùn ẹni tí wọ́n mọ̀. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe di pé oníṣẹ́ iná kan tí kò tíì gun pẹpẹ rí lọ́jọ́ ayé rẹ̀ di ẹni tí gbogbo kíláàsì fẹ́ràn jù, nítorí pé kì í sáré kàwé. Ewúrẹ́ ń ké lẹ́yìn rẹ̀. Ní ibi kan nínú orí kejì, ẹ ó gbọ́ tó ń sọ fún ọmọ rẹ̀ pé "Lọ pa jẹnẹrétọ̀ yẹn," kó tó padà sórí ọ̀rọ̀ Bóásì. A ò yọ ọ́ kúrò.

Ìwé Rúùtù la fi bẹ̀rẹ̀, nítorí orí mẹ́rin péré ni.

Ìyá kan wà ní kíláàsì tó súnmọ́ ọjà. Iṣu ló ń tà. Kò kàwé. Inú tòbí ni fóònù rẹ̀ máa ń wà, ọmọ ọmọ rẹ̀ ló sì ń bá a tẹ̀ ẹ́. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ìdáhùn rẹ̀ ni: "Mo gbọ́ o. Àmín." Ìyẹn ni gbogbo rẹ̀. Nínú gúrúùpù àtijọ́, ìyẹn ì bá parí síbẹ̀. Gbogbo ayé ló ń ṣe àmín. Olórí kíláàsì pè é lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ọjà sì ń lọ lọ́wọ́. "Màmá, ẹ kú ọjà o. Kí lẹ gbọ́ gan-an?" Màmá ní kó jẹ́ kí òun ka owó iṣu lọ́wọ́ ẹnì kan ná. Nígbà tó padà, ó ní obìnrin tó ní kí wọ́n má pe òun ní Náómì mọ́ yẹn, pé kí wọ́n máa pe òun ní Márà, òun mọ̀ ọ́n. Ó ní: "Mi ò mọ̀ pé ó wà nínú Bíbélì pé èèyàn lè sọ pé Olódùmarè mú ìkorò bá òun, kí wọ́n má sì yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú ìwé." Ó dákẹ́. Ó wá ní òun sin ọmọ méjì. Ìjọ mọ̀ pé ó sin ọmọ. Wọ́n lọ kí i, wọ́n gbàdúrà, wọ́n ní Ọlọ́run ló mọ̀ ọ́n jù, ó ṣe àmín. Gbogbo ọdún tó fi jókòó láàárín wa lẹ́yìn náà, kò sẹ́ni tó bi í ní ohun tó wà ní ìsàlẹ̀ àmín yẹn.

Mi ò mọ ohun èlò tó lè wọn irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo rí ni pé ìyá náà bẹ̀rẹ̀ sí í wá sí ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ẹsẹ̀ ló sì fi ń rìn wá.

Orí kẹta àti orí kẹrin ló fẹ́ da ilé rú. Ẹ mọ ìtàn náà: Rúùtù jẹ́ opó, Bóásì jẹ́ ìbátan ọkọ rẹ̀ tó kú, ìbátan kan tún wà tó súnmọ́ ju Bóásì lọ, tó ní òun ò ṣe kí ogún òun má baà bàjẹ́, tó sì bọ́ bàtà rẹ̀ lójú àwọn àgbà ìlú. Káfíńtà kan fi ohùn ránṣẹ́ pé ohun tí òun gbọ́ ni pé Bíbélì fọwọ́ sí opó ṣíṣú, ohun tí òun sì fẹ́ ṣe ni pé òun á lọ sọ fún àwọn ẹbí òun pé àwọn pásítọ̀ ló ń tan wọ́n. Kíláàsì náà hó yèè. Ìyá kan tí àwọn àbúrò ọkọ rẹ̀ ti fẹ́ ṣú ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn gbé ohùn rẹ̀ dìde. Ó ní kí bùrọ̀dá tún orí kẹta gbọ́: ta ló lọ bá ta? Ó ní Rúùtù ló dìde lọ sí ibi ìpakà, Rúùtù ló sọ ohun tó fẹ́, Bóásì ló sì gbà. "Lọ́dọ̀ tiwa, ìpàdé ẹbí ni wọ́n fi pín mi mọ́ ẹrù. Wọn ò bi mí." Káfíńtà dáhùn pé Náómì ló rán an. Ìyá ní bẹ́ẹ̀ ni, obìnrin ló rán obìnrin, níbo ni àwọn àbúrò ọkọ wà níbẹ̀? Ọ̀rọ̀ náà gba gbogbo ọ̀sẹ̀, ó ju ìṣẹ́jú méjì ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ dáadáa, olórí kíláàsì sì ṣe bí ẹni tí kò rí i. Nígbà tó di ọjọ́ Ìṣẹ́gun, àwọn tó wá bá ìjà yẹn parí fi ẹsẹ̀ ara wọn wá. Pásítọ̀ sọ fún mi pé òun ti wàásù ìwé Rúùtù rí, gbogbo ìjọ sì ní ó dùn. Kò sẹ́ni tó bá òun jiyàn nígbà náà.

Ibi tó bàjẹ́ náà rèé, ó sì yẹ kí ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú èyí gbọ́ ọ dáadáa. Nínú kíláàsì kan, arábìnrin kan fi ohùn tọrọ àdúrà. Ọ̀rọ̀ àìlera ọkọ rẹ̀ ni, irú àìlera tí ọkùnrin kì í fẹ́ kí ìta gbọ́. Ẹnì kan ta àtaré ohùn náà sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Ìbàdàn "kó lè bá wọn gbàdúrà". Kó tó di ọ̀sẹ̀ kejì, ó ti padà dé ọ̀dọ̀ ìyá ọkọ. Ohùn arábìnrin fúnra rẹ̀ ni wọ́n fi gbọ́ ọ, kò ṣeé sẹ́. Ilé náà gbóná. Ọkọ kò wá sí ìjọ mọ́ títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, mi ò sì rò pé ó jẹ̀bi. Ẹni tó fi ohùn náà ránṣẹ́ ní tòótọ́ kò rò pé òun ṣe nǹkan burúkú. Láti ìgbà tó ti ní fóònù, ohun tí wọ́n ti ń kọ́ ọ ní gúrúùpù àtijọ́ náà ni pé àdúrà tí a bá ta àtaré rẹ̀ ń di púpọ̀.

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ìjọ tó jẹ́ agbẹjọ́rò rán wa létí òfin tó ń dáàbò bo ìsọfúnni ara ẹni ní Nàìjíríà, tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù kẹfà 2023: ọ̀rọ̀ ìlera àti ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn wà lára ohun tí òfin náà kà sí ẹlẹgẹ́ jù. Àwọn kan nínú ìgbìmọ̀ fẹ́ kí a lo ètò tó ń pa ọ̀rọ̀ rẹ́ fúnra rẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, tàbí ohùn tí èèyàn lè gbọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tí kò ṣeé ta àtaré. Wọ́n wà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n fóònù kejì lè gba ohùn fóònù kìíní sílẹ̀, etí èèyàn náà sì ń gba ọ̀rọ̀ sílẹ̀. A pinnu ohun tó rọrùn jù: àdúrà ara ẹni kò gbọdọ̀ wọ gúrúùpù kankan mọ́. Ẹni tó bá ní i, kó pe olórí kíláàsì rẹ̀, kó sọ ọ́ lẹ́nu, kó má gbà á sílẹ̀. Inú gúrúùpù, orí Bíbélì ọ̀sẹ̀ náà nìkan la ń sọ. Àwọn méjì kúrò ní kíláàsì nítorí ìpinnu yìí, wọ́n ní ìjọ wo ni kò ní gbàdúrà. Ó dùn wá, a ò yí i padà.

Àwọn oníjìbìtì náà kò gbẹ́yìn. Wọ́n pe ẹnì kan, wọ́n ní pásítọ̀ fẹ́ fi í sínú ìpàdé, kó ka nọ́ńbà mẹ́fà tó wọ fóònù rẹ̀ fún wọn. Ó kà á. Wọ́n gba WhatsApp rẹ̀, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi orúkọ rẹ̀ yá owó lọ́wọ́ àwọn ará kíláàsì. Nítorí pé wọ́n ti mọ ohùn ara wọn, ẹnì kan ní: "Fi ohùn sọ ọ́." Olè ò lè fi ohùn sọ ọ́. Ọ̀dọ́ kan lọ ilé dé ilé lẹ́yìn náà, ó ń bá àwọn ìyá fi ọ̀rọ̀ aṣínà kejì sí WhatsApp wọn.

Nígbà tí NCC, àjọ ìjọba tó ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ ìbánisọ̀rọ̀ orí fóònù, fọwọ́ sí i ní oṣù kìíní 2025 pé kí àwọn ilé iṣẹ́ fóònù fi ìdá àádọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún kún owó wọn, ìdáhùn ọjọ́ Ẹtì dín kù. Ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ní kí ìjọ yọ nǹkan díẹ̀ nínú owó ọrẹ fún dátà àti owó ìpè àwọn olórí kíláàsì. Ìgbìmọ̀ ìnáwó bi wọ́n pé ṣé dátà ni wọ́n fẹ́ máa kọ sínú ìwé ìnáwó ilé Ọlọ́run. Màmá tíṣà ní kí wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ "ìbẹ̀wò", nítorí owó ọkọ̀ ìbẹ̀wò ti wà níbẹ̀ tipẹ́, kò sì sẹ́ni tó ń ná an. Wọ́n gbà.

Àwọn tí kíláàsì kò rí mú dáadáa ni àwọn ọ̀dọ́ gan-an, àwọn tá a rò pé fóònù ni tiwọn. Wọ́n dáhùn fún ìwé Rúùtù, wọ́n dáhùn fún ìwé Jákọ́bù, lẹ́yìn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sá. Ọ̀kan nínú wọn sọ fún mi láìfi bò pé òun kò lè máa sọ bí ọkàn òun ṣe wà fún ẹni tó jẹ́ ọ̀rẹ́ màmá òun. Kò parọ́. Àdúgbò tá a fi pín agbo ló dí wọn lọ́wọ́. Ó ṣeé ṣe kí tiwọn jẹ́ láàárín ara wọn, pẹ̀lú olórí tí kò ju wọn lọ púpọ̀. Wọn ò tíì rí ẹni tó máa ṣe é.

Bàbá alàgbà kò wọ kíláàsì kankan. Àmọ́ ìyàwó rẹ̀ wà níbẹ̀, ilé kan náà sì ni wọ́n ń gbé. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan ó dìde láti tún nǹkan kan tí oníṣẹ́ iná kà ní ìwé Máàkù ṣe, ó ní wọ́n fo ẹsẹ kan. Ẹnikẹ́ni kò bi í bó ṣe gbọ́ ọ.

Ẹ̀kọ́ Bíbélì ọjọ́ Ìṣẹ́gun kò tíì padà sí bó ṣe wà kí epo tó wọ́n, mi ò sì rò pé á padà. Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ni gbogbo kíláàsì ń pàdé níbẹ̀ báyìí, ọjọ́ yẹn ni wọ́n sì ń fi owó ọkọ̀ wọn sí. Pásítọ̀ fẹ́ kí gbogbo ìjọ wọ kíláàsì kí ọdún tó parí. Ìgbìmọ̀ ní ó di ìgbà tí a bá rí olórí tó tó. Kíka ìwé sínú fóònù, a rí tó èèyàn mẹ́wàá tó fẹ́ ṣe é. Jíjókòó lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì láti gbọ́ ohùn mọ́kànlá ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kéèyàn sì dá wọn lóhùn, mẹ́ta péré ló fi orúkọ sílẹ̀. Àwọn mẹ́ta náà ti bẹ̀rẹ̀.